Ọ̀nà wo ni kí n mú láti fi yan ajá nínú eré ìje? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń wo eré ajá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí fóònù, tí mo sì ń fi owó díẹ̀díẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ọ̀nà tí àwọn èèyàn fi ń yan ajá ti pọ̀ jù. Ẹnì kan ní kí n máa tẹ̀lé aago, pé ajá tí àkókò rẹ̀ kéré jù ni kí n mú. Ẹlòmíì ní tráàpù, ìyẹn àpótí onínọ́ńbà tí ajá ti ń jáde, ni gbogbo rẹ̀. Ẹlòmíì tún ní kí n má wo nǹkan kan ju odds lọ, ìyẹn iye tí ilé tẹ́tẹ́ máa san lórí ajá. Mo wá da gbogbo rẹ̀ pọ̀: màá fi aago yan lónìí, màá fi tráàpù yan lọ́la, mi ò sì mọ èyí tó ń jẹ́ kí n jẹ àti èyí tó ń gba owó lọ́wọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo mú ajá tí aago rẹ̀ dáa jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ló ṣe ipò kẹta tàbí ìkẹrin. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ ẹni tuntun, ọ̀nà wo lẹ máa ní kó kọ́kọ́ dì mú?

Ẹ̀gbọ́n_Ṣayọ̀
Àbúrò, ìbéèrè gidi lo bi. Kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná: ṣé ajá gidi tó ń sáré lórí iyanrìn lò ń ta, àbí ajá inú kọ̀ǹpútà tó ń sáré ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ láti àárọ̀ títí di òru?

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Ajá gidi ni, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ tí ti gidi bá ti parí, mo máa ń ta ti kọ̀ǹpútà náà.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣayọ̀
Ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ti kọ̀ǹpútà, kò sí ọ̀nà kankan téèyàn lè fi yan án. Ẹ̀rọ tó ń ṣa nọ́ńbà ló ń pinnu ẹni tó máa borí, àwọn ajá tó ò ń wò yẹn kàn ń fi ohun tí nọ́ńbà ti pinnu hàn ọ́ ni. Ẹsẹ̀ ò lè dun ajá yẹn, òjò ò lè rọ̀ sí pápá rẹ̀, ajá míì ò lè fi èjìká gbá a. Tí wọ́n bá kọ 1-1-2, ìyẹn ipò tó ṣe nínú eré mẹ́ta tó kọjá, sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa eré tó ń bọ̀. Gbogbo ohun tá a máa sọ lábẹ́ ìbéèrè rẹ yìí, ajá ẹlẹ́ran ara ló wà fún. Jọ̀ọ́, pa ti kọ̀ǹpútà tì kó o tó kọ́ ohunkóhun míì.

Ìyá_Ìbejì
Ọmọ mi, òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ sọ. Jẹ́ kí n fi tèmi lé e. Láti 2012 ni mo ti ń tẹ̀lé eré yìí, gbogbo ọ̀nà tó o dárúkọ yẹn ni mo sì ti gbé wò. Ohun tí mo rí ni pé ìbéèrè kan ló yẹ kéèyàn bi ọ̀nàkọ́nà kó tó gbà á: kí lo lè sọ fún mi nípa kọ́nà àkọ́kọ́?

Wo bí eré náà ṣe ń lọ. Ehoro ẹ̀rọ ń bọ̀ lẹ́bàá irin, ìró rẹ̀ ń ga sí i, àwọn ajá ti ń gbó nínú tráàpù, wọ́n ń fi èékánná họ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí sókè. Láàárín sẹ́kọ́ńdì mélòó kan, ajá mẹ́fà ti dé ojú ibì kan náà, gbogbo wọn ló sì ń wá ojú ọ̀nà tóóró kan náà láti yí kọ́nà. Èyí tó ti wà níwájú á yí tirẹ̀ ní fàlàlà. Èyí tó há sáàárín á jẹ èjìká lọ́tùn-ún, á jẹ ìbàdí lósì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì, kó tó gbéra padà àwọn yòókù ti lọ. Kò sí ajá tó dáa débi tí èyí ò lè ṣẹlẹ̀ sí i. Lọ́dún 1929, àṣekágbá Derby ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdíje ajá tó lókìkí jù níbẹ̀, ní White City ní London, ajá mẹ́rin péré ló sá a, síbẹ̀ wọ́n kọlu ara wọn ní kọ́nà àkọ́kọ́ débi pé wọ́n fagi lé eré náà, wọ́n sì ní kí wọ́n tún un sá. Ajá kan tó ń jẹ́ Mick the Miller ló borí nínú èyí tí wọ́n tún sá, ó sì tún gba Derby lọ́dún 1930. Tó bá jẹ́ pé mẹ́rin lè dí ara wọn lọ́nà báyẹn, mélòómélòó mẹ́fà.

Nítorí náà, èyí tí màá kọ́kọ́ fi lé ẹni tuntun lọ́wọ́ ni àkókò ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn àkókò tí ajá fi kọjá ìlà òpin nígbà àkọ́kọ́, kó tó wọ kọ́nà. Ó wà nínú ìwé eré lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo eré tí ajá náà ti sá. Kọ mẹ́ta tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún ajá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, to wọn ní tráàpù 1 dé 6 sórí ìwé, kó o wo ẹni tó máa ṣíwájú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó yára jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nìkan lo ń wá o. Ẹni tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ méjèèjì lọ́ra lò ń wá, torí òun ló máa rí àyè.

Tísà_Ìṣirò
Mo fara mọ́ Màmá Ìbejì. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ aago di ohun tí kò wúlò. Àbúrò wa ò mọ bí wọ́n ṣe ń ka aago ni, mo sì rò pé ohun tó fa ìpò kẹta kẹta yẹn nìyẹn.

Àkókò tí wọ́n kọ síwájú ajá nínú ìwé eré, tí wọ́n ń pè ní CalcTm, kì í ṣe aago lásán. Wọ́n ti ṣe ìṣirò sí i. Wọ́n mú àkókò ajá tó borí, wọ́n fi 0.08 sẹ́kọ́ńdì kún un fún gbogbo gígùn ajá kan tí ajá tìrẹ fi wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n wo bí ilẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Tí wọ́n bá kọ -10, ilẹ̀ wúwo, ó fa àwọn ajá sẹ́yìn ní 0.10, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Tí wọ́n bá kọ +10, ilẹ̀ yá ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á fi kún un. N tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ilẹ̀ wà bó ṣe máa ń wà.

Ká ní ajá tó borí lo 29.40, tìrẹ wà lẹ́yìn rẹ̀ ní gígùn mẹ́ta, ilẹ̀ jẹ́ -10. Mẹ́ta lọ́nà 0.08 jẹ́ 0.24. 29.40 pẹ̀lú 0.24 jẹ́ 29.64. Yọ 0.10, ó di 29.54. Iye tó máa wà níwájú rẹ̀ nìyẹn.

Ìṣirò yìí mọ ilẹ̀, ó mọ gígùn, àmọ́ kò mọ ìjàǹbá. Ajá tí wọ́n gbá ní kọ́nà tó sì pàdánù gígùn mẹ́ta ti pàdánù 0.24, aago á sì kọ ọ́ bíi pé ó lọ́ra. Èyí tó rí ojú ọ̀nà gbalasa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú oṣù kan á ní àkókò tó dáa gan-an, àmọ́ kò ní rí irú ẹ̀ lónìí. Àwọn tó ń fi aago nìkan yan ajá, irú ajá kejì yìí ni wọ́n máa ń mú. Ohun míì ni pé o ò gbọ́dọ̀ gbé aago pápá kan lọ sí pápá míì. 400 mítà ti Romford àti 500 mítà ti Towcester kì í ṣe ohun kan náà, kọ́nà wọn ò rí bákan náà.

Ìyá_Ìbejì
O ṣeun, Tísà. Ohun tó ń sọ ìjàǹbá yẹn ni àwọn lẹ́tà kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eré kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò kọjá. SAw: ó pẹ́ jáde ní tráàpù. QAw: ó yára jáde. EP: ó ní eré ìbẹ̀rẹ̀. Crd: wọ́n fún un mọ́. Bmp: wọ́n gbá a. Blk: wọ́n dínà mọ́ ọn. ALd: òun ló ṣíwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. RnOn: ó ń sáré bọ̀ nígbà tí àwọn yòókù ti ń rẹ̀. Nọ́ńbà tó bá tẹ̀ lé e ni kọ́nà tó ti ṣẹlẹ̀, torí náà Crd1 ni pé wọ́n fún un mọ́ ní kọ́nà àkọ́kọ́. Ajá tó ní Crd1 nínú eré mẹ́ta léraléra, má tètè káàánú rẹ̀. Wo ìdí rẹ̀. Tó bá jẹ́ SAw ló máa ń ṣáájú Crd1, òun fúnra rẹ̀ ló ń fa wàhálà wá, torí ó máa ń pẹ́ jáde tá á sì bọ́ sáàárín èrò. Èyí tó yára jáde tí wọ́n ṣì fún mọ́, tráàpù ló ṣe é, tráàpù sì lè yí padà.

Àjàní_Òru
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò wo gbogbo ìyẹn. Kíláàsì ni mo ń wò. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, A1 ló ga jù nínú eré gígùn àárín, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni kíláàsì ń rẹlẹ̀. Ajá tó bá ń sá ní A4 tí wọ́n wá sọ̀ kalẹ̀ sí A6, òun ni mo ń mú. Ó ti bá àwọn tó dáa ju ìwọ̀nyí lọ sáré. Mo tiẹ̀ ní ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n kọ nípa pápá Florida tó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Ìyá_Ìbejì
Ajani, má bínú sí mi, àmọ́ ìwé yẹn lè ṣì ọ́ lọ́nà. Ajá mẹ́jọ ló ń sá ní Amẹ́ríkà, mẹ́fà ló ń sá ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn nìkan ti yí kọ́nà àkọ́kọ́ padà. Florida fúnra rẹ̀ ti dìbò fòpin sí eré náà lọ́dún 2018, wọ́n sì pa á tì pátápátá nígbà tí 2020 parí.

Ní ti kíláàsì, ìbéèrè tó yẹ kó o bi ni pé kí ló dé tí wọ́n fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀gá tó ń to eré ní pápá ló ń ṣe é, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ajá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sún mọ́ra. Kò sọ ọ́ kalẹ̀ kó lè rọrùn fún ẹ láti jẹ. Ó rí i pé ajá náà ò lè bá wọn sá mọ́ ni. Ọjọ́ orí lè máa ṣe é: ajá tó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin, eré ẹ̀ ti ń dín. Tó bá jẹ́ abo, ó lè jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní àsìkò tó ń wá akọ, ara rẹ̀ ò tíì padà bọ̀ sípò. Ẹsẹ̀ lè ti dùn ún. Tó o bá rí ìsọ̀kalẹ̀ tí ìdí rẹ̀ jẹ́ tráàpù burúkú tàbí ìjàǹbá mẹ́ta léraléra, tí àkókò ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò sì yí padà, ìyẹn ni ìsọ̀kalẹ̀ tó ní èrè nínú. Àwọn yòókù, ìsọ̀kalẹ̀ wọn kì í tètè dúró.

Àjàní_Òru
Mo gbọ́, màmá. Àmọ́ Westmead Hawk ńkọ́? Kì í yára jáde rárá, ẹ̀yìn ló ti máa ń bọ̀, síbẹ̀ ó gba Derby lọ́dún 2005 àti 2006 ní Wimbledon. Kọ́nà àkọ́kọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì
Òótọ́ ni, inú mi sì dùn sí ajá yẹn gan-an nígbà tí mo wo fídíò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ajá tó lè máa lé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá lẹ́yìn kọ́nà kejì, kó sì gbà á lọ́wọ́ wọn, kò wọ́pọ̀. Nínú A5 tí àbúrò wa ń ta lọ́sàn-án, kò sí irú ẹ̀. Ajá tó ń ti ẹ̀yìn bọ̀ ní A5, ojú ọ̀nà ló ń wá káàkiri, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa rí i. Ibi tí irú wọn ti ń ṣe dáadáa ni eré jíjìn, tí kọ́nà pọ̀, tí àwọn asáré ìbẹ̀rẹ̀ á ti rẹ̀. Ajá Ballyregan Bob tó borí ní ìgbà 32 léraléra, tó parí rẹ̀ ní Hove ní 1986, eré jíjìn ni tirẹ̀. Tó o bá ń ta eré tí wọ́n fi S sí nínú kíláàsì rẹ̀, ìyẹn eré jíjìn, yí ìwọ̀n rẹ padà.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Màmá, Tísà, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ń lóye. Ṣé ẹ lè fi eré kan hàn mí láti òkè dé ilẹ̀? Mo fẹ́ rí bí ẹ ṣe ń rò ó.

Ìyá_Ìbejì
Jẹ́ ká to eré kan sílẹ̀ fúnra wa. 480 mítà, A5. Máa fi àwọ̀ aṣọ wọn rántí wọn, torí ibi gbogbo ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ bákan náà: 1 pupa, 2 búlúù, 3 funfun, 4 dúdú, 5 aláwọ̀ ọsàn, 6 onílà dúdú àti funfun.

Pupa: àkókò ìbẹ̀rẹ̀ 4.72, aago tó dáa jù 28.95. Búlúù: 4.60, aago 29.10, eré méjì nínú mẹ́ta ló ní Crd1, tráàpù 3 ló sì ti ń sá wọn. Funfun: 4.75, aago 28.84, SAw ní ẹ̀ẹ̀mejì, RnOn ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Dúdú: 4.80, aago 29.30. Aláwọ̀ ọsàn: 4.68, aago 29.15, W wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Onílà: 4.62, aago 29.05, W wà lẹ́yìn tirẹ̀ náà.

W yẹn ni pé ajá náà fẹ́ràn kó máa sá ní ìta. M ni àárín. Èyí tí kò ní lẹ́tà, etí irin ló fẹ́. Ọ̀gá tó ń to eré máa ń fi àwọn etí irin sí tráàpù kékeré, àwọn ará ìta sí 5 àti 6, kí wọ́n má bàa máa gba iwájú ara wọn kọjá.

Àbúrò wa, ìwọ ì bá mú Funfun. 28.84 ló ní, kò sẹ́ni tó tó o. Wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, Búlúù ti fi 0.12 ṣíwájú Pupa, ó sì fi 0.15 ṣíwájú Funfun. Tá a bá fi 0.08 Tísà pín in, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn ajá méjì sí iwájú Funfun kí kọ́nà tó bẹ̀rẹ̀. Àyè ti ṣí sílẹ̀ lósì rẹ̀ láti wọ etí irin láìkan Pupa. Onílà náà yára, àmọ́ ìta ló wà, kò wá sínú. Búlúù yí kọ́nà ní òun nìkan. Funfun wà lẹ́yìn, Pupa wà lósì rẹ̀, àwọn ará ìta ń tẹ̀ sínú díẹ̀ bí kọ́nà ṣe ń yí. Ó gbọ́dọ̀ dúró kó tó lè rí ọ̀nà. Ó máa sáré bọ̀ dáadáa ní òpin, á sì ṣe ipò kẹta tàbí ìkẹrin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn.

29.10 ti Búlúù, ìkẹrin ló ṣe lórí aago. Ṣùgbọ́n wọ́n fún un mọ́ ní méjì nínú eré tó fi gba àkókò rẹ̀. Òun ni mo máa mú.

Wá yí nǹkan kan péré padà: ká ní Pupa ní 4.59 dípò 4.72. Pupa àti Búlúù á jọ dé kọ́nà, wọ́n á fara gbo ara wọn, àyè á sì ṣí fún Funfun tàbí Onílà. Mi ò ní mú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Màá fi eré yẹn sílẹ̀ lọ.

Tísà_Ìṣirò
Ẹ̀kọ́ tó dáa nìyí. Ohun tó kù ni iye. Yíyan ajá tó máa borí yàtọ̀ sí yíyan ajá tó yẹ ká ta.

Ká ní odds wọn nìyí: Funfun 2.75, Búlúù 4.00, Onílà 4.50, Pupa 6.00, Aláwọ̀ ọsàn 7.00, Dúdú 9.00. Fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pín 100: 36.4, 25, 22.2, 16.7, 14.3, 11.1. Ro wọ́n pọ̀, ó jẹ́ 125.7. Ó yẹ kó jẹ́ 100. 25.7 tó lé yẹn ti ilé tẹ́tẹ́ ni. Tó o bá ta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ìwọ̀n yẹn, £125.70 máa kúrò lọ́wọ́ rẹ, £100 ló máa padà, ajá yòówù kó borí. Odò tó o ń wẹ̀ lòdì sí nìyẹn, gbogbo ọ̀nà tó o bá mú, orí rẹ̀ lo ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kó o mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ọ̀nà tó dáa ni kò dáa tó láti bo 25 yẹn.

Nítorí náà, kọ èrò tìrẹ sílẹ̀ kó o tó wo odds. Tó o bá gbà pé Búlúù máa borí nínú 30 nínú 100, odds tó tọ́ sí i jẹ́ 3.33. Wọ́n fún ẹ ní 4.00, ó tọ́ ká ta. Tó bá já sí 3.00 kí eré tó bẹ̀rẹ̀, fi í sílẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ajá kan náà ni. Èyí ló ṣòro jù láti ṣe, torí ọkàn ti wà lórí ajá yẹn.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣayọ̀
Ẹ fi ìwúwo kún un. Òfin wọn ni pé tí ajá bá fi ju kílò kan lọ yàtọ̀ sí ìwúwo tó fi sá kẹ́yìn, kò ní sá. Àmọ́ èyí tó fi 0.8 tàbí 0.9 yàtọ̀ ṣì máa sá, ìwọ ló yẹ kó o rí i.

Mosún
Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa owó, torí mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì ṣe ohun tí mo ṣe. Ọ̀nà tí mo fi ń yan ajá ò burú nígbà yẹn. Bí mo ṣe ń fi owó sí i ló burú. Ẹnì kan ló kọ́ mi pé tí mo bá pàdánù, kí n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì títí màá fi jẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú £1. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo pàdánù léraléra nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo ti kó £255 sílẹ̀, èyí tó kàn yẹ kó jẹ́ £256. Owó ilé ni mo fi san èyí tó kẹ́yìn yẹn, kò sì jẹ. Mo jókòó nínú yàrá, mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò ta nǹkan kan fún ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá rí i pé òun ti ń fi owó ilé tàbí owó oúnjẹ ta á, kó dúró lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó sì sọ fún ẹnì kan.

Tísà_Ìṣirò
Mosún, o ṣeun tó o sọ ọ́. Ìṣirò ló ń kìlọ̀ ohun tó ṣe ọ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin, ìyẹn sì dáa, ìgbà 10 nínú 100 ni ẹ̀ẹ̀mẹjọ tó bá tẹ̀ léra máa jẹ́ àdánù. Kì í ṣe àjálù, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Kí owó orí eré kọ̀ọ̀kan dọ́gba, kó sì kéré débi pé ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún léraléra ò ní ṣí ọ lọ́kàn.

Àbúrò, má tíì fi owó ta á rárá. Ra ìwé. Eré 40, orí ìwé nìkan. Pápá kan ṣoṣo ni kó o mú, má fò láti pápá dé pápá. Padà wá sọ fún wa.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
(lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)
Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ṣe é. Pápá kan, eré 40, mi ò fi kọ́bọ̀ kan sí i. Mo fi ajá kọ̀ǹpútà sílẹ̀ pátápátá. Mo to àkókò ìbẹ̀rẹ̀ wọn bí Màmá ṣe ní kí n ṣe, mo sì ka àwọn lẹ́tà yẹn. Mọ́kànlá ló borí nínú 40.

Ohun tí mo rí nígbà tí mo yẹ ìwé mi wò lánàá ló yà mí lẹ́nu. Eré 14 nínú rẹ̀, ajá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jọ ní àkókò ìbẹ̀rẹ̀ tó sún mọ́ra, láàárín 0.03. Ẹyọ kan péré ni mo rí mú nínú wọn. Eré 26 yòókù, mẹ́wàá ló jẹ́ tèmi. Ọ̀kan wà tí mi ò lè gbàgbé: ajá tráàpù 1 mi jáde bí ọfà, ti 2 àti ti 3 náà jáde bí ọfà, àwọn mẹ́ta wọ kọ́nà pọ̀, iyanrìn tú sókè, nígbà tó máa fi rọlẹ̀ ajá aláwọ̀ ọsàn tí mi ò tiẹ̀ kà kún ti lọ jìnnà.

Ìyá_Ìbejì
Ọmọ mi, o ti rí i fúnra rẹ. Eré 14 yẹn ni kó o máa fi sílẹ̀. Kí o sì ya àwọn eré tí tráàpù kan ṣófo sọ́tọ̀, èyí tí ajá kan yọ kúrò níbẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè yẹn máa ń rí ọ̀nà tí wọn kì í rí lọ́jọ́ míì. Kọ ọ́ sí ojú ìwé tirẹ̀.

Tísà_Ìṣirò
Iṣẹ́ gidi nìyí. Mẹ́wàá tó borí yẹn, kí ni odds wọn?

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Tísà, mi ò kọ ọ́ sílẹ̀.

Tísà_Ìṣirò
Nígbà náà, a ò tíì mọ̀ bóyá ọ̀nà rẹ ń jẹ tàbí ó ń pàdánù. Tí mẹ́wàá yẹn bá jẹ́ 2.00 gbogbo wọn, £26 jáde, £20 padà. Tó bá jẹ́ 3.50, £35 padà. Àjọyọ̀ àti ọ̀fọ̀ ló wà láàárín méjèèjì. Eré 40 náà sì kéré. Ṣe 100 sí i, odds ní ìṣẹ́jú kan kí ilẹ̀kùn tó ṣí, èrò tìrẹ ní ìlà tó ṣáájú rẹ̀. Má ṣe wo odds kó o tó kọ èrò tìrẹ o.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Mo ti fa ìlà méjèèjì sínú ìwé báyìí. Eré àkọ́kọ́ lọ́la, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Tráàpù 4 ti ṣófo, mo ti kọ ọ́ sójú ìwé tirẹ̀.